Wákàtí mẹ́sàn-án létí adágún àtọwọ́dá, ẹja kan ò fẹnu kan ìwọ̀ mi. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ọ̀gbẹ̀rì_Ìwọ̀

Ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o. Odò tó ń ṣàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Mo mọ ibi tí omi ti ń yípo, mo mọ ibi tó ti ń rọra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gbé ọ̀pá ìwọ̀ mi lọ sí adágún kan ní ìgbèríko, irú èyí tó wáyé nígbà tí wọ́n sé odò. Omi náà lọ súà, ojú ò tó o tán.

Aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo palẹ̀ ẹrù mọ́. Ekòló ni mo fi ṣe ìjẹ. Ibi tó mọ́ jù, tí kò ní koríko, tí kò ní igi, ni mo jókòó sí kí okùn mi má baà há. Gbogbo agbára mi ni mo fi ń ju ìwọ̀ lọ sí ọ̀nà àárín omi, níbi tí mo rò pé ó jìn jù. Kò mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú mi díẹ̀ tó ń dẹ ìwọ̀ tirẹ̀ sí ìdí igi gbígbẹ kan tó dúró nínú omi. Kó tó di ọ̀sán, epìyà ti kún korobá rẹ̀. Kò tiẹ̀ jù ú jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì ṣe?

Sùúrù_Lérè

O ti dá ara rẹ lóhùn. Ibi tó mọ́ ni o jókòó sí. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ rẹ sí àárín pápá gbalasa, tí àṣá sì ń rà bàbà lókè, ṣé wàá lọ jẹ ẹ́?

Bàbá_Etídò

Ẹ yé fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ̀rì, gbọ́. Odò ni olùkọ́ rẹ, o sì ń wo adágún bí ẹni ń wo odò. Adágún tí wọ́n fọwọ́ dá, ilẹ̀ ni, omi ló wá bò ó. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn kí omi tó dé ṣì wà níbẹ̀: ojú odò àtijọ́ tó lọ́ bí ejò, ọ̀gbun, ebè oko, ojú ọ̀nà, ìpìlẹ̀ ilé, kùkùté. Ẹja ò sì tú ká sínú omi bí iyọ̀ tó yòrò. Ẹ̀gbẹ́ nǹkan ló ń gbé. Etí ojú odò àtijọ́, ìdí igi, ibi tí òkúta ti pàdé ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni kí o wá a lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ ohun tó wà nísàlẹ̀? Kọ ẹ̀yìn sí omi ná, kí o wo ilẹ̀ tó yí i ká. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ń sọ̀ wá sétí omi kò dúró níbẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ náà ló ń bá a lọ nísàlẹ̀. Bó bá dà gẹ̀rẹ́ gan-an, omi á ti jìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí bèbè. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, o lè wọ́dò lọ jìnnà kó tó kan orúnkún rẹ. Níbi tí ilẹ̀ ti yọ imú gọngọ sínú omi, ẹ̀gbẹ́ imú yẹn ni kí o dẹ sí. Níbi tí odò kékeré ti ń wọlé, pàápàá lẹ́yìn òjò, má kọjá rẹ̀.

Ti àárín omi tí o sọ yẹn, ẹ̀bá ògiri ìdídò ni adágún àtọwọ́dá sábà máa ń jìn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àfonífojì ti rẹlẹ̀ jù. Bí o bá rí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà kí wọ́n tó sé odò náà, o ti rí ohun tó ju ọ̀pá ìwọ̀ olówó gọbọi lọ.

Igi gbígbẹ bàbá yẹn ńkọ́? Ewé tútù yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, irú èyí tó máa ń bo òkúta inú omi, ti bo ara rẹ̀. Kòkòrò ti kó sínú èèpo rẹ̀. Epìyà ń họ ọ́ jẹ bí ewúrẹ́ ṣe ń họ èèpo igi lórí ilẹ̀. Ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń sá pa mọ́ síbẹ̀, ó sì ń rí ibòji níbẹ̀. Ìwọ wá jókòó síbi tí kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùkọ́_Ẹja

Bàbá ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi fúnra rẹ̀, nítorí pé òun náà ní àjà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Oòrùn ń mú omi òkè gbóná. Omi tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ (ìwọ̀n 4°C ni omi ti ń wúwo jù), nítorí náà èyí tó gbóná á dúró sókè, èyí tó tutù á dúró sísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni ibì kan wà tí ìgbóná ti já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún mọ̀ ọ́n: àyà rẹ á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ rẹ á ṣàdéédéé bọ́ sínú òtútù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lókè ò lè po àjà méjèèjì pọ̀. Nísàlẹ̀, ewé àti igi tí omi bò ń jẹrà, ìjẹrà yẹn sì ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Kò sí ibi tí tuntun máa gbà wọlé. Bó bá pẹ́, ìsàlẹ̀ á di ilé òfìfo.

Ọ̀gbẹ̀rì, tí ìjẹ rẹ bá jìn gan-an nígbà tí oòrùn mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ẹ̀dá kankan ò gbé ni o gbé oúnjẹ sí. Ẹja wà lókè orí rẹ̀. Lo kọ́ọ̀kì tó ń léfòó, kí o jẹ́ kí ìwọ̀ rọ̀ sí agbedeméjì, kí o máa yí ìwọ̀n okùn padà títí wàá fi bá wọn.

Ohun kan tún wà. Tí ìjì ńlá tàbí òtútù bá dé lójijì, àjà méjèèjì lè dà pọ̀. Omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn á jáde sókè, wàá gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹja á máa yán lójú omi, nígbà mìíràn á kú lọ rẹrẹ. Má dẹ ìwọ̀ lọ́jọ́ náà, má sì kó òkú ẹja yẹn.

Àrọ̀Òru

Olùkọ́, ẹ̀kọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n àrọ̀ ò lọ sílé ìwé. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń pa á, nínú ẹrẹ̀, ọdún kejìlá mi rèé.

Olùkọ́_Ẹja

@Àrọ̀Òru Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ àrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ epìyà. Ó ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbá rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè gan-an. Ó máa ń yọrí, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á padà sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ láàyè lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí epìyà ti kú tipẹ́. Omi wo lẹ ti ń pa á? Ṣé ó jìn?

Àrọ̀Òru

Kò jìn. Ó lè mu mí dé ìbàdí. Lóru.

Ó dáa, ẹ ti mú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é fún ọmọ yìí. Àrọ̀ ò fi ojú wá oúnjẹ púpọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ àti òórùn ló fi ń wá a. Nítorí náà, ohun tó ń rùn ni mo máa ń fi ṣe ìjẹ: ìfun ẹja, ekòló tí mo já sí méjì kí oje rẹ̀ máa jáde. Òjé tó wúwo díẹ̀, okùn tó nípọn, ìwọ̀ ńlá. Mo máa ń lọ sí kọ̀rọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bo koríko mọ́lẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa. Mi ò ní tan iná sójú omi, mi ò sì ní máa rìn gìrìgìrì létí bèbè. Àwọn ẹja ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tí wọ́n fi ń gbọ́ ìmìtìtì, àrọ̀ náà ò yọ sílẹ̀. Tó bá gbé e, má fà á kíákíá. Jẹ́ kó gbé e lọ díẹ̀.

Kí ẹ sì máa ṣọ́ ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ dì í mú. Àpá wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gbẹ̀rì_Ìwọ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀gbọ́n Àrọ̀Òru, ẹ ní "omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bo koríko". Lọ́jọ́ tí mo lọ, òdìkejì ni mo rí: ẹrẹ̀ gbígbẹ tó sán lọ títí kí n tó kan omi, ó fẹ̀ tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ṣé omi náà ń gbẹ ni?

Awakọ̀_Ojúomi

Kò gbẹ, wọ́n tú u sílẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ adágún tí Ọlọ́run dá sí èyí tí èèyàn dá nìyẹn. Èyí tí èèyàn dá ní olùtọ́jú tó ń ṣí i, tó ń tì í, nítorí iná mànàmáná, nítorí omi ẹ̀rọ, nítorí oko ìsàlẹ̀ odò, tàbí nítorí pé ìkún omi ń bọ̀ tó sì fẹ́ wá àyè sílẹ̀ dè é. Nígbà tí omi bá ń gòkè bọ̀ wá sórí koríko, ẹja á tẹ̀ lé e wọ inú koríko lọ jẹun, wọ́n á sì yé ẹyin síbẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tètè jáde kó má lọ há wọn mọ́ kòtò, wọ́n á lọ dúró níbi tí ilẹ̀ ti já sínú ìbú. Nítorí náà fi igi kékeré kan gún ilẹ̀ létí omi nígbà tí o bá dé, kí o wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Igi yẹn á sọ fún ọ bóyá kọ̀rọ̀ lo máa lọ ni àbí bèbè ìbú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kù, èmi ò sì ní fi ṣeré, nítorí ojú mi ti rí i. Kùkùté ló burú jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í gé igbó kí wọ́n tó sé odò. Adágún Volta ní Ghana, tó kún lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdídò Akosombo ní 1965, igbó ló bò mọ́lẹ̀, kùkùté ibẹ̀ sì ti ya ikùn ọkọ̀ púpọ̀, èèyàn ti bá a lọ. Igi tó bá yọrí, o rí i. Èyí tí omi fi ìbú ọwọ́ kan bò ni ọ̀tá rẹ, ọjọ́ tí omi bá sì sọ̀ ló máa ń súnmọ́ òkè. Dín eré ẹ́ńjìnì kù. Ẹ̀wù ìléfòó kì í ṣe ìjókòó, wọ̀ ọ́ sọ́rùn kí o sì so ó.

Má súnmọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi wọlé ní ìdí ògiri. Omi ibẹ̀ máa ń dà bíi pé ó sùn, kò sùn. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, ní apá ibi tí omi ń tú jáde sí, mo mọ̀ pé ẹja máa ń pọ̀ níbẹ̀, ojú á sì máa wọ̀ ọ́. Tí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, fi ẹja sílẹ̀, fi ọ̀pá sílẹ̀, gun òkè. Ìgbà mìíràn omi á dé kí fèrè tó dún. Omi tó ń já bọ́ láti orí ògiri kékeré pàápàá máa ń yí padà sẹ́yìn bí àgbá, ẹni tó bá kó sínú rẹ̀, yóò máa yí i ní ojú kan náà.

MàmáÀgọ́

Ẹ káàsán o. Èmi kì í pẹja, àwọn ọmọ ni mò ń kó lọ pàgọ́, ṣùgbọ́n etí omi kan náà la jọ ń lò.

Ẹ jọ̀ọ́, okùn ìwọ̀ tó bá há, ẹ má gé e sọnù síbẹ̀. Ọmọ mi kékeré tẹ ìwọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn, ó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ dé ẹ̀yìn ahọ́n ìwọ̀, dókítà ló gé e. Ẹyẹ náà máa ń kó sínú okùn yẹn. Òjé kéékèèké tí ẹ ń dà sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fòfin de títa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1987 nítorí pé àwọn ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n.

Fún ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́: kòtò gbígbẹ tó lọ sínú omi máa ń tutù, ó sì máa ń ní ibòji, àmọ́ ọ̀nà omi ni. Òjò tó rọ̀ lórí òkè tí o ò rí lè bá ọ níbẹ̀ lóru. Tí wọ́n bá sì ti ń sán ààrá, kúrò létí omi. Ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe máa ń gbé iná, ẹni tó gbé e dúró létí adágún gbalasa sì ni ohun tó ga jù níbẹ̀. Wáyà iná tó gba òkè kọjá, ẹ má ju ìwọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó tiẹ̀ gbé mi wá ni pé: ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣeré nínú omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí koríko pọ̀ sí. Adágún àtọwọ́dá ní ilẹ̀ olóoru ni ilé àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Kòkòrò náà á jáde, pàápàá nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, á gba awọ ara wọlé, kò nílò ojú egbò. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Volta, ó gba etí adágún yẹn kan. Oògùn wà tó ń wò ó, praziquantel ni, ṣùgbọ́n kí ọmọ má wọ ibẹ̀ ló dáa jù.

Bàbá_Etídò

Ẹ ṣeun, ìyá. Ìdí tí mo fi ń wọ bàtà rọ́bà gígùn nìyẹn.

Epìyà_Aláràbarà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ìbéèrè tó jọ mọ́ ọn. Mo ní ẹja ńlá mẹ́rin nínú àpótí dígí nílé, wọ́n ti tóbi ju ibẹ̀ lọ. Ẹja tó ń pẹran jẹ ni, ó lẹ́wà, ó sì máa ń jà dáadáa lórí ìwọ̀. Mo fẹ́ lọ dà wọ́n sínú adágún ìtòsí kí wọ́n lè pọ̀, kí gbogbo wa jọ gbádùn. Àbí?

Olùkọ́_Ẹja

Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Adágún Gatun wà ní Panama, èyí tí wọ́n sé odò Chagres dá fún ọ̀nà ọkọ̀ òkun. Wọ́n parí ìdídò rẹ̀ ní 1913. Ní nǹkan bí 1967, ẹja apẹran-jẹ kan tó jọ èyí tí ẹ ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní Cichla, láti Gúúsù Amẹ́ríkà, bọ́ láti inú adágún kékeré tí wọ́n ti ń sìn ín, ó bá odò dé Gatun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Thomas Zaret àti Robert Paine, fi máa kọ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 1973, púpọ̀ nínú ẹja kéékèèké ọmọ onílẹ̀ ti pòórá níbi tó dé. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ àwọn ẹja yẹn náà dín kù. Ẹ̀ṣẹ̀ ìwọ̀nba ẹja díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Epìyà_Aláràbarà

Adágún Kariba ńkọ́, èyí tí wọ́n sé odò Zambezi dá láàárín Zambia àti Zimbabwe? Ṣebí wọ́n kó ẹja láti ibòmíràn wá síbẹ̀, tó sì di oúnjẹ gbogbo ayé.

Olùkọ́_Ẹja

Ìbéèrè tó dáa ni. Lóòótọ́, ní 1967 àti 1968, wọ́n kó ẹja wẹẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní kapenta láti adágún Tanganyika wá sí Kariba, títí di òní ni wọ́n ń fi iná tàn án jọ lóru láti fi àwọ̀n kó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹja odò ló wà ní Zambezi kí wọ́n tó sé e. Nígbà tí adágún dé, etí bèbè ni wọ́n wà, gbangba àárín omi sì ṣófo. Ẹja tó ń jẹ ohun wíwẹ́ tó ń léfòó ni wọ́n wá fi síbẹ̀, ìjọba ló ṣe é, lẹ́yìn àròjinlẹ̀. Kò dà bí apẹran-jẹ mẹ́rin tí èèyàn kan rù nínú korobá lálẹ́.

Epìyà_Aláràbarà

Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mi ò ní dà wọ́n. Ta ló fẹ́ gbà wọ́n?

Bàbá_Etídò

Nígbà tí a ti dé orí kí ẹja pọ̀, mo ní ohun kan láti sọ nípa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí o bá fa epìyà jáde tí o rí i tí ó ń pọ ẹyin tàbí ọmọ wẹẹrẹ jáde lẹ́nu, abo tó ń tọ́jú ọmọ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹnu ló fi ń ṣe ilé fún wọn. Tètè dá a padà. Fi omi tu ọwọ́ rẹ lára kí o tó dì í mú, nítorí ọwọ́ gbígbẹ ń ka yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, yíyọ̀ yẹn sì ni ààbò rẹ̀. Tó o bá rí ojú kòtò róbótó róbótó nínú iyanrìn níbi tí omi ò ti jìn, akọ ló gbẹ́ ẹ láti fi pe abo, má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń dẹ ìwọ̀ síbẹ̀ gan-an nítorí pé akọ á gbógun ti ohunkóhun tó bá bọ́ sílé rẹ̀. Ó rọrùn, èmi ò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Sùúrù_Lérè

Bàbá, bí ẹ bá bá mi nílé mi, èmi náà á gbógun.

Ọ̀gbẹ̀rì_Ìwọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo padà lọ lánàá, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo gún igi mi létí omi bí ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ ṣe wí. Omi ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti yọ imú, mo fi kọ́ọ̀kì síbi tí okùn gùn tó apá mi méjì, kò sí nǹkan. Mo dín in kù sí apá kan, kọ́ọ̀kì rì! Epìyà mẹ́rin. Ọ̀kan pọ ọmọ sí mi lọ́wọ́, mo dá òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà, mi ò mọ̀ bóyá ó kó wọn mọ́ra. Igi gba ìwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ mi. Mo fa okùn mẹ́ta nínú wọn jáde, Màmá, méjì tó kù jìn jù fún mi.

Bàbá àtijọ́ yẹn tún wà níbẹ̀, ní ìdí igi kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo lọ kí i, mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè bó ṣe mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀. Ó ní oko bàbá òun ni. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti máa ń gbé ẹrù kalẹ̀ sinmi tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, kí wọ́n tó sé odò. Ó nawọ́ sí omi gbalasa, ó fi ìka tọ́ka: ibí ni ọ̀nà odò gbà, ibẹ̀ yẹn ni àpáta tí wọ́n ti ń sá nǹkan, ọ̀hún jìn, má lọ síbẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan. Omi lásán ni mò ń wò.

Bàbá_Etídò

Lọ́jọ́ Sátidé, mú ìwé àti gègé dání. Jẹ́ kó tún tọ́ka sí i.